Akéwì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bí

Ẹlẹ́dàá tó dá ayé kò kó gbogbo ènìyàn sí ojú kan. Ó fi òkun ya ilẹ̀ kan kúrò lára ilẹ̀ kejì, ó fi èdè ya ìran kan kúrò lára ìran mìíràn, ó sì fi ìwé ṣe afárá láàárín wọn. Ẹni tó bá dúró lórí afárá náà, a gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Ohun tó bá wí pé òun rí ní òdìkejì, àwa tí a wà ní ìhín kò ní ọ̀nà láti já a ní koro. Èmi ni a fi sórí irú afárá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí rẹ̀ ni mo sì ti ti ọmọ ọlọ́mọ ṣubú sínú omi. Oníṣègùn ti sọ ohun tó kù tí kíndìnrín mi lè ṣe fún mi, kò sì pọ̀. Kí ẹnu yìí tó pa dé, ẹ jẹ́ kó sọ òdodo.

Olùkọ́ ìkọ̀wé ni mí. Ní ilé-ìwé gíga tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè Japan, èmi nìkan ni mo sì ka ìwé àwọn ará Éṣíà dé ìdí. Mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí yàrá òkè kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. A ka ìtàn ilẹ̀ Íńdíà, a ka ewì ilẹ̀ Ṣáínà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ewì àsopọ̀ ti àwọn ará Japan. A ó jókòó yíká. Ẹnì kan yóò sọ ìlà mẹ́ta, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò fi ìlà méjì gbè é, ẹlòmíràn yóò tún fi mẹ́ta lé e, títí ewì yóò fi yí gbogbo wa ká bí ife omi tí à ń gbé fún ara wa. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: ohun tí ojú rẹ kò bá rí, má fi ẹnu rẹ kàn án. Ẹ wo ẹnu tó ṣòfin; ẹnu kan náà ló rú u.

Àwọn méjì ló ta yọ nínú wọn. Ọ̀kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Aláwàdà. Lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n ké ewì nípa òṣùpá, ó ní, "Olùkọ́, òṣùpá àwọn ará Japan mà ń ṣiṣẹ́ o! Kò sí ewì tí wọn kò ti pè é. Ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí, ẹ jọ̀ọ́." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èkejì ni ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, òun la sì ń pè ní Ọmọ Aránṣọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu, ilé a pa lọ́lọ́.

Ilé-ìwé kan ní Japan wá ránṣẹ́ pé àwọn yóò gba ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa, kó wá fi ọdún méjì kọ́ èdè àti ewì lọ́dọ̀ àwọn. Ewì ni a ó fi yan ẹni náà, èmi sì ni olùdájọ́.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìyá Ọmọ Aránṣọ kú. Mo lọ bá a kẹ́dùn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ọmọ iléèwé tí ìyá náà rán dé ìdajì wà lábẹ́ rẹ̀, òwú funfun sì wà lójú abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Iwájú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n gbé àga mi sí. Ẹ má gbàgbé òwú yẹn. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Nígbà tí ọmọ náà padà sí kíláàsì, tí ewì kàn án, ó wí pé:

Òjò dá.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi
ṣì fi ẹnu mú òwú funfun.

Kò sí ẹni tó rí ìlà méjì fi gbè é. Aláwàdà ló kàn, ó mi orí, ó ní, "Mi ò ní ohun tí mo lè fi lé èyí o." Mo ti mọ ẹni tí yóò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Òun ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ló fi ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí n lè lọ. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Àbúrò mi, wọ́n ní ọmọ aránṣọ kan ni yóò lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ewì rẹ̀ ló dára jù."

"Ewì!" Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó fọwọ́ gbá a. "Ẹ̀yìn tó gbé ọ dàgbà rèé. Ṣé ewì ni mo pọ̀n síbẹ̀? Kí ọmọ tí mo bí máa wo ọkọ̀ òfuurufú bí adìyẹ ti ń wo àṣá, kí ìwọ sì máa dárúkọ ewì fún mi? Wá nǹkan ṣe sí i."

Mo wá nǹkan ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kọ́ mí ní irọ́ tí mo pa. Ara mi ni mo ti hun ún. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní ewì yẹn kì í ṣe ti Ọmọ Aránṣọ. Mo ní akéwì ará Japan kan ló kọ ọ́, kí a tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fún akéwì náà ní orúkọ. Mo fún un ní iṣẹ́, mo ní aṣọ́nà ni. Mo fún un ní ikọ́ tó pa á. Mo tilẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, èmi òpùrọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i tán!

Aláwàdà na ọwọ́ sókè. "Ẹ forí jì mí, Olùkọ́. Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ wà láyé ìgbà yẹn ni?"

Ilẹ̀kùn ìgbàlà nìyẹn, ọmọ tí mo ń jalè fún ló sì ṣí i fún mi. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá ní mo ṣì í. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ìbéèrè gidi. Abẹ́rẹ́ ni akéwì náà wí. Òun ló fi ẹ̀rọ rọ́pò abẹ́rẹ́, kí a má baà mọ̀." Bí mo ṣe sọ olè tí kò jalè di olè alárékérekè nìyẹn.

Ọmọ náà dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Olùkọ́, ẹ ṣáà ti wá sílé wa. Ẹ rí òwú náà."

Mo dá a lóhùn pé, "Òwú ni tìrẹ. Ọ̀rọ̀ kọ́."

Ẹ̀yin ará, ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi, ojú rẹ̀ wú. Kò wá bínú. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yẹn hàn mí. Mi ò rántí pé mo kà á rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò lè purọ́ mọ́ mi." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n ràn án lọ́wọ́ láti mọ ara rẹ̀ ní olè! Mo ní ìwé náà kò sí nítòsí. Mo ní, "Ọkàn ènìyàn a máa jí ohun tó ti gbàgbé pé òun kà. Ìbànújẹ́ rẹ ló jí i." Ó gbà mí gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kò fi òun sun àwọn aláṣẹ, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo gba ewì lẹ́nu rẹ̀, mo tún gba ọkàn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Aláwàdà lọ sí Japan, ó sì padà wá jókòó sí àga mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò tilẹ̀ sá. Àga olùkọ́ ló jókòó sí, òtítọ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì ń kí i kú iṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun wọ yàrá àìsàn mi. Ọmọ Aránṣọ ni. Aláwàdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fún mi lómi. Obìnrin náà ní òun ti dá èdè Japan kọ́ fúnra òun, pé ìwé àwọn ará ibẹ̀ ni òun ń túmọ̀ jẹun.

"Olùkọ́, mo ti ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi lè tẹ̀. Mi ò rí i. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má lọ láìsọ ìwé tí ewì náà wà nínú rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ ìlà kan tó jẹ́ tèmi. Bí mo bá kọ ọ́, mo máa ń rò pé ti ẹlòmíràn ni."

Ẹ gbọ́ bí ènìyàn ti burú tó: irọ́ mìíràn ti wà létè mi. Mo fẹ́ sọ pé ìwé náà ti jóná. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ó mú kálàmù dání, ó fẹ́ kọ orúkọ ìwé náà sílẹ̀.

Mo ní, "Kò sí ìwé. Kò sí akéwì. Ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi?"

"Ìwọ."

"Pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyá mi?"

"Pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyá rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. "Mo ti bẹ akéwì yẹn lójú àlá, Olùkọ́. Mo ní kó forí jì mí." Aláwàdà fi ojú bẹ̀ mí kí n ní àwàdà ni mò ń ṣe. Mo mi orí fún un, ó sì gbé ife omi náà kúrò lẹ́nu mi.

Mo tọrọ ìdáríjì. Obìnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún ìyá mi ná. Ẹ ò jẹ́ kí n sun ún tán."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ èdè tí àwọn ará ilé yín kò gbọ́, ẹ ṣọ́ra. Ibi tí kò bá ti sí ẹlẹ́rìí, ibẹ̀ ni kí òdodo yín ti pọ̀ jù. Ẹ bá mi bẹ Ọmọ Aránṣọ. Èmi kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́, ó kú pẹ̀lú ìgbéraga lórí ọmọ rẹ̀. Aláwàdà sọ òdodo fún ilé-ìwé, ó fi àga náà sílẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń fún mi lómi báyìí. Àdúgbò kan náà ni nọ́ọ̀sì yìí àti Ọmọ Aránṣọ ń gbé. Ó ní obìnrin náà ti ń kọ̀wé. Ó ní ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, àti pé aṣọ ọmọ iléèwé tó kù sí ìdajì, ó ti rán an parí. Kò tíì padà wá sọ́dọ̀ mi.