Èkùrọ́ Mẹ́ta Nínú Abọ́ Yèyé

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó bọ́ síta nísinsìnyí, torí èmi tí mo ṣe é kò sunkún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sun ún. Èmi Asimawu, ìyàwó Làmídì tó ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Lẹ́tà mi tóbi, ó sì wọ́, ẹ ó sì rí ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan tí mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, nígbà tí mo ti bímọ mẹ́ta, tíṣà wa kò sì fi Ìjẹ̀bú kọ́ wa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi dà bí ti ará Ọ̀yọ́. Ọmọ ọmọ mi Ọmọ́títí ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ ọ́. Mo ní rárá. Ọmọ yẹn fẹ́ràn mi jù, yóò máa yọ èyí tó bá korò kúrò níbẹ̀. Dókítà ti sọ ohun kan fún àwọn ọmọ mi tí wọn kò fẹ́ kí n gbọ́, mo sì ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ní bá mi wọ ilẹ̀.

Ilé tí ẹ jókòó sí yìí lọ̀rọ̀ náà. Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo rà á, ẹ sì máa ń fi mí yangàn pé obìnrin tó ń ta obì ló ra ilé onípáànù. Ẹ kò mọ ohun tí mo fi rà á. Nígbà tí bàbá mi kú ní Àgọ́-Ìwòyè, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, àwọn ẹbí rẹ̀ ti kó ẹrù ìyá mi síta, òjò sì ń rọ̀. Mo rí ẹní ìyá mi tí omi ń gbé lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó kì í ṣe ọmọ ilé. Nígbà tí mo wá fẹ́ Làmídì tí a ń gbé nínú agbolé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Sópẹ̀n, yàrá kan àti pálọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rùfáì kì í bá mi jà kó má sọ ọ́: “Ìwọ Asimawu, rọra máa rìn. Àlejò lo jẹ́ níbí.” Làmídì á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ̀gbọ́n kàn ń ṣeré ni.” Èmi kò rí eré níbẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń gbé Tíṣà Nathaniel lọ sí ìlú mìíràn, ó sì fẹ́ ta ilé rẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́rin, páànù lórí, kànga lẹ́yìn. Mo lọ bá a. Ó ní, “Ìyá Àdíját, kí àádọ́rin pọ́n-ùn wọlé gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, n ó kó kọ́kọ́rọ́ fún yín. Ẹ ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá wọlé, oníkòkó kan ti ń bẹ̀ mí.” A wà ní oṣù kẹrin nígbà náà, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ parí. Mo ṣírò rẹ̀ ní oókan, ní eéjì. Mo padà sílé, mo sọ fún Làmídì. Ó ní níbo ni agégẹdú ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sùn. Láti ọjọ́ náà n kò tún dárúkọ ilé fún un mọ́. Ààwẹ̀ ni mo ń dárúkọ.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n mi. Mo ní ojú àlá ni wọ́n ti sọ fún mi pé kí ilé wa máa gba ààwẹ̀ nọ́fílà, èyí tí kì í ṣe dandan, ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì. Irọ́ ni. N kò lá àlá kankan. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ yọ. Làmídì gbà á, inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó òun ti di olùfọkànsìn. Àwọn ọmọ gbà á. Bí a bá fẹ́ ṣínu, gàrí àti omi ni, mo ní Ànábì kò fẹ́ àjẹjù. Èmi ńkọ́? Ní gbogbo Àlàmísì tí mo bá lọ ná ọjà ìlú Òrù, mo máa ń jókòó lẹ́yìn ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi Abibat, mo máa ń jẹ ẹ̀bà ẹlẹ́ja. Ẹja gidi, láti etí omi ní Ẹfirẹ. Mo ní èmi ni mò ń ru apẹ̀rẹ̀ obì, ebi kò gbọdọ̀ gbé mi ṣubú. Mo wá ń nu ẹnu mi kí n tó délé. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kan ẹrù. Pálọ̀ wa kún débi pé àlejò ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé: bàsíà onídẹ méjì tí Yèyé, ìyá ọkọ mi, gbé wá sílé ọkọ, ìkòkò aró tí kò re aró mọ́, ẹní tí a ká jọ, aṣọ àrán inú àpótí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Mo ní Àfáà wàásù pé gbogbo ẹrù tí ènìyàn kó jọ tí kò lò, yóò jíhìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìgbéǹde, ẹ jẹ́ ká fi ṣe sàráà. Wọ́n ní àmín. Mo di ẹrù lé orí, ó di ọjà Òrù, Abibat ń bá mi tà á. Ọjọ́ tí mo gbé bàsíà kejì dé, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rín mú. “Asimawu, sàráà tìrẹ yìí kì í jáde, ńṣe ló ń wọlé o!” Mo ní, “Pa ẹnu mọ́, ta ọjà.” Ó ní, “Máa wò ó, ó ku kí o gbé ọkọ wá. Èmi ò ní rí ẹni tó máa ra ìyẹn.” Làmídì fúnra rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀ lọ́jọ́ kan, ó wúkọ́, ó ní, “Ìyá Àdíját, ohùn mi ti ń dá mi lóhùn nínú ilé yìí.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ ó ní olóríburúkú kan ló ṣe àrékérekè, ẹ ó sì jẹun lọ. N kò dúró síbẹ̀.

Yèyé kò ní eyín mọ́, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ó lè bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ẹ tó jẹ òkèlè méjì. Nítorí ẹnu rẹ̀, Làmídì ń fún mi lówó oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lójoojúmọ́: ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ẹja sè dáadáa, ẹyin, mílíìkì agolo. Nínú Ràmàdáánì ọdún náà, ibà mú un, ó jẹ ààwẹ̀ ọjọ́ méje tí ó gbọ́dọ̀ san padà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ lórí méje yìí. Ó ṣa èkùrọ́ méje sínú abọ́ kékeré kan. Bó bá ti gba ọjọ́ kan tó sì ṣínu, á mú ọ̀kan jù sẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ tó gba ààwẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ ń kù sọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Làmídì pé mò ń tọ́jú rẹ̀ de ìṣínu. Gàrí ni mò ń pò fún un bí ti gbogbo wa, ó ń mu ún, ó ń dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣínu tán, ó gbàgbé, kò ju èkùrọ́ nù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gba ọjọ́ kan náà. Mo rí i. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, mo wá ronú kan owó oúnjẹ, mo pa ẹnu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èṣù kankan ló tì mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣa èkùrọ́ méjì nílẹ̀, mo jù wọ́n padà sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ó di iṣẹ́ mi. Bí ó bá yọ ọ̀kan, mo dá ọ̀kan padà. Láàárọ̀, á ké sí mi: “Asimawu, mélòó ló kù lọ́rùn mi?” Èmi náà á yẹ abọ́ wò bí ẹni tí kò mọ̀. “Yèyé, ó ku mẹ́rin.” “Mẹ́rin? Ó dà bí ẹni pé mo ti gbà á púpọ̀.” “Yèyé, ẹ̀yin ni ẹ kà á.” “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n jẹ gbèsè rẹ̀ kú.” Odindi oṣù méje, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà tí ibà ti lù bolẹ̀, ó fi oṣù méje gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Àfáà Mùbàṣírù tilẹ̀ kíyè sí i pé ó ti rù. Ó pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. “Ìyá Àdíját, ẹ sọ fún Yèyé pé kò sí ààwẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ni kó máa fún tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kó jókòó kó jẹun.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Àfáà, mo ti gbọ́, n ó jíṣẹ́.” N kò jẹ́ ẹ. Mo rò ó lọ́nà pé bí Yèyé bá jẹun, tí tálákà tún jẹun, oúnjẹ ẹni méjì nìyẹn. Kérésìmesì sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jímọ̀ kejì, ó fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ nínú wàásù, ó ní kí àwọn obìnrin wá kọ́ ìfọkànsìn lọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni oyè Ìyá Àdínì tí wọ́n fi mí jẹ nígbẹ̀yìn ti wá. Ẹ lè gbà á padà lónìí, n kò ní jà.

Mo kó àádọ́rin pọ́n-ùn fún Tíṣà Nathaniel nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó wò mí títí. “Ìyá Àdíját, níbo ni ẹ ti rí i?” Mo ní ààwẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àwa Mẹ́tọ́díìsì náà á bẹ̀rẹ̀ ẹ nìyẹn.” Nígbà tí mo ju kọ́kọ́rọ́ sí Làmídì lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀. Rùfáì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ yẹn dùn. N kò lè purọ́ pé kò dùn. Ayọ̀ ilé gbé mi lọ, mo gbàgbé abọ́. Bí mo ṣe rò ó ni pé bí owó bá ti pé, n ó da èkùrọ́ nù, n ó ní, “Yèyé, ẹ ti san tán.” Mo gbàgbé. Yèyé ni kò gbàgbé. Obìnrin tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ fi abọ́ yẹn sábẹ́ ìró, ó sì gbé e wọ inú ilé yìí. Mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ń fọ ilẹ̀, mò ń gé aṣọ fèrèsé, òun ń gba ààwẹ̀ lọ nínú yàrá iwájú. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ṣubú nígbà tó ń ṣe àlùwàlá. Làmídì gbé e sórí ẹní. Mo gbé mílíìkì wá, mo fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ó yí ojú kúrò. Ó ní, “Oòrùn kò tíì wọ̀.” Ó wá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Làmídì, ó ku mẹ́ta. Ẹ bá mi san án.” Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ máa wí pé ó ti mọ̀, pé ó ti dárí jì mí nínú ọkàn rẹ̀, ẹ má dá mi nínú dùn. Kò mọ̀. Ó kú, ó gbà pé òun jẹ Ọlọ́run ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn tí a sin ín, Làmídì gbé abọ́ sílẹ̀ láàárín pálọ̀, òun àti Rùfáì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìyá wọn. Àdíját, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òun náà yóò gbà á. Èmi ni mo se sààrì fún wọn. Èmi ni mo po gàrí ìṣínu. Ní ọjọ́ kẹta, Làmídì ju èkùrọ́ tó kẹ́yìn nù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ìyá Àdíját, ìyá mi kò jẹ gbèsè.” Mo ní, “Kò jẹ ẹ́.” Gbólóhùn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ọdún náà nìyẹn, n kò sì jẹ́ kó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó gbé ọgbọ̀n ọdún sí i nínú ilé yìí kó tó lọ bá a.

Ẹ má retí kí n ní mo kábàámọ̀ ilé. Bí ẹ bá mú mi padà sí ọdún yẹn, n ó tún rà á. Làmídì kú, kò sí ẹni tó kó ẹní mi sínú òjò. Àdíját kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, ibí ni ó sá wá, ibí ni ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ sun ìta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń fún ara yín pọ̀ torí àtira ilẹ̀, mo bẹ̀ yín, ebi tiyín ni kí ẹ fi rà á. Ẹ má fi ti ẹni tí kò lè ka ọjọ́.

Yèyé, ẹ dárí jì mí bí ó bá ṣe é ṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe, n ó wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín láìpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ kankan nítorí mi, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan. Kí ẹ dáná lẹ́yìn ilé. Ẹ se ìkọ́kọrẹ́, ẹ má ṣahun ẹja. Ẹ jókòó nínú ilé yìí, kí gbogbo yín jẹun yó ní ọ̀sán gangan.