Omi Ìdájí Tí Ṣìkẹ́mi Pọn

Ẹ̀yin ará ilé Olúwa, pàápàá ẹ̀yin ìyàwó tí oyún wà nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú yín lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ mi. Irọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbé irọ́ náà mì, ó kọ̀, kò lọ. Ó há sí mi lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Èmi Leah, ìyàwó Sanmí Ọdẹkúnlé, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí kò gún, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé gan-an ni mo ṣẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ mi ní abúlé wa yìí, lójú ọ̀nà Ìjàyè, mo bá ọmọbìnrin kan nílé, Olúwaṣìkẹ́mi, tí ìyàwó wọn àkọ́kọ́ bí fún wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí, tòun tọmọ tó fẹ́ bí. Láti ọjọ́ tí mo dé ni ọmọ náà ti ń pè mí ní Àǹtí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń retí kí n sọ pé ó yájú sí mi, tàbí pé ó ń rojọ́ mi fún bàbá rẹ̀, kó má retí mọ́. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ṣe mí. Oyún ti bàjẹ́ lára mi rí nílé ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n sì kó ẹrù mi síta nítorí rẹ̀. Nígbà tí oyún tó tẹ̀lé e wá dúró nílé yìí, bí mo bá fẹ́ wúkọ́, màá kọ́kọ́ fọwọ́ di ikùn mú. Bí ọmọ bá mira, ẹ̀rù á bà mí; bí kò bá mira, ẹ̀rù á bà mí. Ọkọ mi náà ń wò mí bí ẹni tó ń wo àwo tí irú rẹ̀ ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Mo lọ bá Ìyá Àdúrà ìjọ wa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ní kí n máa pọn omi odò tó ń ṣàn ní ìdájí, kí n má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kí n má la ẹnu rárá títí màá fi délé mu ún kí oòrùn tó yọ. Wọ́n ní, "Ìwọ fúnra rẹ ni o, Leah. Ẹsẹ̀ ara rẹ, ọwọ́ ara rẹ." Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Wọ́n sọ tiwọn. Èmi ni mo yí i padà.

Mo kọ́kọ́ lọ fúnra mi. Ẹ mọ ọ̀nà odò wa, bó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, lábẹ́ ọparun. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lọ́jọ́ kan, mo yára di ọparun mú. Mo ní bí mo bá ṣubú ńkọ́? Omi tí mo ní kó gba oyún là á wá di ohun tó pa oyún. Ọkọ mi sì ti kìlọ̀ tipẹ́ pé Ṣìkẹ́mi kò gbọdọ̀ dá lọ sódò, pé omi ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé ni kó máa pọn. Ṣùgbọ́n lásìkò iṣu, abà oko ni wọ́n sábà máa ń sùn. Mo pe ọmọ náà, mo sọ bí omi náà ṣe jẹ́ fún un, lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo ní, "Bí o bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n kí n tó mu ún, ọmọ inú mi á kú. Ó sì lè mú èmi náà lọ." Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Bíi ti màámi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ṣeré. Á fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, á fọwọ́ júwe fún mi pé òun ń lọ, èmi á sì rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti mu omi náà tán, màá ní, "Mo ti mu ún." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á tú jáde lẹ́nu rẹ̀: òkété tó sá kọjá níwájú rẹ̀, ẹyẹ tó ń bú u lórí ọparun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Zubaidah aládùúgbò wa, tó ń ra gbágùúdá lọ tà ní Ṣáṣá, pàdé rẹ̀ nítòsí ilé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì lórí, ṣùgbọ́n kò sọ ẹ kàárọ̀. Zubaidah ní, "Ṣé wọ́n fi àtè lẹ ẹnu ẹ ni, àbí ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ọmọ náà ṣáà ń wò ó. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ láàrin wa, kí ọmọdé pàdé àgbà láàárọ̀ kó má kí i. Nígbà tí ọkọ mi ti oko dé, Zubaidah rò ó fún wọn. Ibi ẹ̀rọ ni àwọn méjèèjì rò pé ó ti ń bọ̀. Ọkọ mi ní kí Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀, wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ nírú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Mò ń ja ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Ohun tí mò ń bá a wí náà nìyẹn, Bàbá Ṣìkẹ́mi." Wọ́n fi pàṣán nà án. Mò ń ja ẹ̀fọ́ náà lọ títí tí kò fi sí ewé kankan mọ́ lára igi tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ inú mi ti ń tapá dáadáa, mo sì gbà pé omi náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ti kí n máa mu ún lọ kò tó ẹ̀rù ti kí n má mu ún mọ́.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ mọ́jú. Ṣìkẹ́mi wo ìta, ó wò mí. Mo na kẹ́ẹ̀gì sí i. Ó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ojú ọjọ́ fi ń là, kò dé. Àyà mi já. Kí n má tún parọ́ sí i, kì í ṣe nítorí ọmọ náà, nítorí oòrùn ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, mò ń di igi mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i nísàlẹ̀ àpáta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sáàárín gbòǹgbò, ó sì tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí. Ó fi apá méjèèjì gbá kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ àyà. Omi inú rẹ̀ kò dànù. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ti fi eyín di ètè rẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Kò ké. Ọ̀nà oko kò jìnnà síbẹ̀. Safwan, ọkọ Zubaidah, gun ọ̀kadà rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní àárọ̀ náà, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ká ní òun gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, òun ì bá dúró. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀kadà. Ó jẹ́ kó kọjá lọ.

Nígbà tó rí mi, kò na ọwọ́ pé kí n gbé òun. Kẹ́ẹ̀gì ló nà sí mi. Ó tọ́ka sí ikùn mi.

 Mo gba kẹ́ẹ̀gì náà. Mo gbójú wo ọ̀run. Mo sì yí ẹ̀yìn padà. Mo fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, mo gun òkè náà, mo wọlé, mo mu omi, mo sì gba àdúrà tí Ìyá Àdúrà kọ́ mi, pé kí Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo tiẹ̀ nu ẹnu nù. Ìgbà náà ni mo tó padà. Mo dúró lókè àpáta, mo ní, "Mo ti mu ún." Ìgbà yẹn ni ọmọ náà ké. Àwọn tó wà lóko gbọ́ igbe náà.

Zubaidah ló kọ́kọ́ dé, òun ló sì pọ̀n ọ́n gun òkè. Wọ́n bi mí pé kí ni ọmọ wá ṣe lódò. Mo ní ìgbín ló wá ṣà lẹ́yìn òjò, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó yọ́ jáde lẹ́nu mi bí epo. Ọkọ mi ti oko sáré dé, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bá a wí papọ̀, pé ṣebí àwọn ti sọ fún un, ṣé torí ìgbín ló ṣe fẹ́ kú. Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàámi." Bàbá kan tó ń to eegun ní abúlé kejì ló fi pákó di ẹsẹ̀ náà. Ó jinná, kò gún. Ẹ̀yin náà rí bó ṣe ń rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Oníìgbín, nítorí irọ́ mi, àti nítorí ìrìn rẹ̀.

Lásìkò tí ẹsẹ̀ náà wà nínú pákó, tí kò lè lọ síléèwé, ó ní kí n jókòó ti òun kí òun fi ìwé òun kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí mo ṣẹ́ ni mo ti mọ A. Nígbà tí Olúwadọ̀tun, ọmọ inú mi náà, sì wáyé láyọ̀, mo dúró níwájú yín, mo ní ẹsẹ̀ ara mi àti ọwọ́ ara mi ni mo fi pọn omi náà títí dé òpin. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣìkẹ́mi náà pàtẹ́wọ́.

N ì bá gbé irọ́ náà lọ sí sàárè. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo pàdé ọmọdé kan tó jẹ́ àbúrò Ọmọ́tọ́lá, ìyàwó tuntun tó wà láàrin yín, tó ń ru omi bọ̀ ní ìdájí. Mo kí ọmọ náà. Kò dáhùn. Ó pa ètè mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀.  Mo gba omi náà lórí rẹ̀, mo dà á nù. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò pariwo. Mo fà á lọ́wọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ́tọ́lá ní, "Ṣebí ẹ̀rí yín la gbọ́, mà? Ọ̀nà yẹn ló ń yọ̀ fún mi, ni mo ṣe rán an."

Ọjọ́ náà ni mo bẹ Ìyá Àdúrà wá sílé wa, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lójú wọn, lójú Ṣìkẹ́mi.  Ọkọ mi kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?" Ó ní, "Àǹtí ò tíì ní kí n sọ̀rọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Wọ́n ti gbé Ṣìkẹ́mi lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn tún eegun náà ṣẹ́ kó tó lè gún. Láti ìgbà náà, abà ni ọkọ mi ń gbé. Wọn ò ní kí n máa lọ, wọn ò sì ní kí n dúró. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde, màá yọjú wò.

Mo bẹ yín, kí ẹ dáríjì mí. Zubaidah, ọmọ náà kò rí ọ fín. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọ yín kí wọ́n yé pè é ní orúkọ yẹn. Èmi ni wọ́n lè máa pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, mo mọ ẹ̀rù tó wà nínú yín, mo mọ bó ṣe ń jí èèyàn lóru. Ṣùgbọ́n ìṣubú tí ẹ̀yin ń sá fún, ẹ má gbé e ru ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó bá gbọ́ràn sí yín lẹ́nu jù, ẹ bẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ fi sí i létí.

Kí n tó mú ìwé yìí wá, mo kà á fún Ṣìkẹ́mi látòkè délẹ̀. Ó bá mi tún àwọn ibi tí mo kọ sódì ṣe. Lẹ́yìn náà ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé omi lọ." Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbé omi lọ. Orí rẹ̀ ló rọ̀ lé.