Síróòpù Dúdú Tí Mo Ní Ó Dára

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ilé mi wàyí. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ilé àyẹ̀wò kan ní Tunga, ní Minna níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ àti oògùn amáralókun la máa ń yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló tọ́ mi dàgbà ní àdúgbò Soje. Síróòpù èso dàbínò tó ń sè lẹ́yìnkùlé, tó sì ń tà ní ọjà Kure, ló fi rán mi níléèwé. Àwọn aboyún ló ń rà á jù, wọ́n ní ó ń fún àwọn lẹ́jẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Bí síróòpù yẹn ò bá dúdú bí èédú, wọn ò ní rà á. Wọ́n á ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màmá á dá a padà sórí iná, á tún máa sè é títí á fi dúdú. Àwa èèyàn la ń fi ẹnu ara wa bẹ̀bẹ̀ fún ìjàǹbá.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan fẹ́ máa bá a tà á, wọ́n wá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Èmi ló gbé e fún. Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n ní kó gbé e fún ẹlòmíràn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò. Bí ṣúgà inú èso bá pẹ́ jù lórí iná, ó máa ń yí padà di nǹkan tó lè ṣe ara níbi. Èyí tó wà nínú ti Màmá ju ohun tí òfin gbà lọ fíìfíì.

Mo sọ fún un pé ó dára. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi, mo sì ń ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, á ní, "Maganin jini ne, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò." Ojo ni mí, mo mọ̀.

Ìyàwó mi ti lóyún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá gbé ìgò ńlá kan wá fún un, èyí tó dúdú jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó mi má fẹnu kàn án. Ó béèrè ìdí rẹ̀, ni mo bá jẹ́wọ́.

Kò pariwo. Ó ní, "Àwọn tó ń rà á ní Kure ńkọ́? Ṣé oyún tiwọn kì í ṣe oyún ni?"

Ó ṣí ìgò náà níṣojú mi, ó bu ṣíbí kan, ó mu ún. Ó ní, "Títí ẹ ó fi sọ fún Màmá, èmi náà á máa mu tèmi."

Ó tún mu ún láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èwo lèèyàn ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó tọ́ ọ: pé ohun tó ń tà kò dára, àbí pé ọmọ tó fi ṣe ẹlẹ́rìí ló purọ́ fún un?