Irin Ìyíkọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ẹ̀yin ará mi ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ikọ́ tí ń ṣe mí yìí kò jọ èyí tí yóò jẹ́ kí n tún jẹ iṣu tuntun. N kò fẹ́ kí irọ́ bá mi wọ sàréè. Rájí awakọ̀ kò jí irin ìyíkọ̀ lọ́rì. Èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìkàrẹ́, èmi ni akọ̀wé Baba Lábọ̀dé, ẹni tó ni lọ́rì tí ń kẹ́rù láti Òṣogbo. Baba ní òfin kan tí kò gba àwàdà: awakọ̀ tó bá wakọ̀ mọ́jú kò gbọdọ̀ tún wakọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí awakọ̀ bá ti dé, yóò gbé irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì fún mi, èmi yóò sì tì í sábẹ́ ibùsùn mi. Láìsí irin yẹn, lọ́rì kò lè dún. Baba a máa wí pé, "Akọ̀wé, oorun wọn ni mo fi sí ìkáwọ́ rẹ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìkórè ìjọ wa ní Ọ̀kà, Baba wà ní Ọ̀wọ̀. Rájí ti fi gbogbo òru wakọ̀. Ó gbé irin fún mi, ó sì nà gbalaja sórí àpò èkùrọ́. Fọlákẹ́ aya mi ti di iṣu wa, ó fẹ́ rù ú gun òkè bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé lọ́dún yìí, inú mọ́tò ni wọn yóò ti rí mi. Ìgbéraga ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má bá mi wá ìdí mìíràn.

Mo jí Rájí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn títí di ìrun Alásárì. Ọ̀nà ń di méjì lójú mi."

Mo ní, "Akọni tó ti Òṣogbo dé, òkè Ọ̀kà ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Fọlákẹ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá Oyèbọ̀dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn. Ṣé ọpẹ́ lẹ fẹ́ lọ dá lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, àbí mọ́tò lẹ fẹ́ lọ fi hàn Án?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá, mo fa irin jáde lábẹ́ ibùsùn, mo nà án sí i. "Rájí, bí o kò bá gbà á, màá sọ fún Baba pé ọ̀lẹ ni ọ́."

Rájí ní aya àti ọmọ tó ń bọ́. Ó gbà á.

Fọlákẹ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú iṣu. Èmi jókòó síwájú kí ayé lè rí mi. Níbi tí àpáta ti sún mọ́ ọ̀nà, mo ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú Rájí ti padé. Mo kígbe. Lọ́rì fẹ̀yìn rìn, ó sì dojú dé nísàlẹ̀. Iṣu ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n fọ́n káàkiri lórí koríko. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ aya mi.

Mo rò pé kò sí ibi tí mo tún lè ṣe tó ju ìyẹn lọ. Ó wà. Nílé ẹjọ́, níwájú Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, mo fi ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní Rájí ló jí irin náà, pé ó tàn wá pé Baba ti gba òun láyè. Rájí wò mí títí. Ó ní, "Akọ̀wé mọ bó ṣe jẹ́." Ta ni yóò gba awakọ̀ gbọ́ ju akọ̀wé tó ń ṣọ̀fọ̀ aya? Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ó ti jáde, òkúta ló sì ń fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Àgbè báyìí. Kò sẹ́ni tó tún fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ìyàwó olè ni wọ́n ń pe Raliat aya rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, Rájí yóò gbé òòlù sílẹ̀, yóò ní, "Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ́jú." Kò sí èébú tó lè gún mi lọ́kàn tó ìkíni yẹn.

Mo ti rán Oyèbọ̀dé ọmọ mi sí Ajẹ́lẹ̀ kí ó lọ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi oorun ẹlòmíràn sí ìkáwọ́ yín, ẹ má fi ṣe fáàrí. Raliat, bí o bá lè ṣe é, forí jì mí. Ìwọ Rájí, wá sọ́dọ̀ mi kí n tó lọ. Bú mi. Má kí mi kú ìrọ́jú mọ́.