Ihò Tí Mo Rí Tí N Kò Pariwo

Ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ ṣe ni kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n óò sì sọ ọ́ tán.

Ní Zion Pepe, ìlú wa tó wà lórí omi, bí o bá rí ihò lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, o gbọ́dọ̀ pariwo fún un, ìbáà ṣe ọ̀tá rẹ. Ìyá mi ló kọ́ mi.

Táyọ̀, ayálégbé mi, wá láti ìlú orí ilẹ̀ lókè wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà. Ó ń rí mi tí mo ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé ẹja gbígbẹ lọ Igbókòdá.

Ó ní, “Màmá, àjẹ̀ yìí ló máa sin yín. Mo lè ra ẹ́ńjìnnì fún yín.”

“Kí lo fẹ́ gbà?”

“Ẹ kàn máa bá mi dákẹ́ ni.”

Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ elépo rọ̀bì kan wà ní Igbókòdá. Ihò wà lára ohun tí wọ́n fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn tó ṣe nǹkan náà ti fi àtúnṣe ránṣẹ́, ọ́fíìsì yẹn ò tíì fi dí i. Táyọ̀ wá kọ lẹ́tà kan sí ẹnjiníà wọn.

“Kò tiẹ̀ ní tẹ nǹkan kan, Màmá. Bí lẹ́tà mi bá ṣe yọ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ báyìí, mo ti wọlé. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí i, èmi náà á máa kà á.”

Mo ní, “Bí ọkọ̀ tó ń jò, tí káfíńtà ti gbé ọ̀dà wá, tí ẹni tó ni ín ò tíì kùn ún.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ máa bá mi kọ́ wọn lọ́la.”

Ó yé mi dáadáa. Mo gba ẹ́ńjìnnì, mo dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó kà á nínú lẹ́tà wọn pé ẹnjiníà náà ń lọ Molútẹ̀hìn, abúlé kan lójú omi. Ó kọ̀wé sí i bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́, pé ìyá àgbà kan ni yóò fi ọkọ̀ gbé e ní jẹ́tì Igbókòdá.

“Ìyá àgbà wo?”

“Ẹ̀yin ni. Ta ló máa fura sí yín? A kàn máa dá a dúró títí àwọn èèyàn rẹ̀ á fi sanwó ni.”

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo wo ẹ́ńjìnnì mi, mo lọ.

Ní jẹ́tì, mo pe ẹnjiníà náà lórúkọ. Mo na ọwọ́ sí i kó lè wọ ọkọ̀, ó dì í mú.

“Ẹ rọra o, Màmá. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.”

“Jókòó, ọmọ mi.”

Nígbà tí Táyọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ yọ sí wa lójú omi, ẹnjiníà náà dìde, ó fẹ́ jà. Àjẹ̀ mi ni wọ́n fi gbá a lórí. Ó ṣubú sómi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mi ò bẹ́ sí i, ó sì kú sómi.

Fúnra mi ni mo tọ ọlọ́pàá lọ, mo sì dárúkọ gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ má tọ ipa mi. Bí ẹ bá rí irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní nǹkan kí ẹ lè dákẹ́, ẹ má gbà á. Ẹ pariwo nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà létí èbúté.