Ọbẹ̀ Opó Etí Adágún

Èmi ò mọ nǹkan kan, Marlys, ọmọ ìyá mi. Ta ni mo fẹ́ jẹ́ tí màá mọ nǹkan, obìnrin tó kàn mọ elégédé bó, tó mọ ẹ̀wà rẹ sómi, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tan tẹlifíṣọ̀n? Ṣùgbọ́n kí ọkọ mi jókòó sínú ilé mi, kó wò mí lójú, kó ní mo wo fíìmù tí mi ò wò, kó tún ní mo sunkún níbẹ̀, ìyẹn ti kọjá ohun tí àìmọ̀ mi lè gbà mọ́ra. Jókòó. Fi ológbò yẹn sílẹ̀, kò ní kú. Má sì tíì wo ohun tó wà nínú àpò yẹn, a máa débẹ̀.

Ìwọ náà ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkàn Arvid ti gbé e ṣubú nídìí yìnyín tó ń kó lẹ́nu ọ̀nà, tí dókítà ní kó jìnnà sí ẹran, ewébẹ̀ ti di ọkọ, ó ti di aya nílé wa. Olú, kábéèjì, ìrẹsì dúdú inú adágún, lẹ́ńtìlì, ẹ̀wà pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ yẹn tó dà bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la ń jẹ ẹja, torí Arvid ní ẹja kì í ṣe ẹran, àti pé ará Duluth tí kò bá jẹ ẹja lọ́jọ́ Jímọ̀, kó kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó rò pé mi ò mọ̀ pé òun ń jẹ sọ́séèjì nínú ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ ń rùn bí ìsọ̀ alápatà, ó ní òórùn táyà ni. Ọkùnrin tó bá ṣì lè parọ́ nítorí sọ́séèjì, ara rẹ̀ le.

Ìrọ̀lẹ́ la wá ń wo fíìmù, àwo lórí itan, òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún, bí ẹni wọ ọkọ̀ òfurufú. O mọ òfin ilé wa: ẹni tó bá dáná kò gbọdọ̀ yan fíìmù, ẹni tó bá yan fíìmù ló máa fọ àwo. Òfin yẹn ló ń jẹ mí níyà, torí fíìmù tí Arvid máa ń yàn, ọkùnrin kan á dúró, á máa wo yìnyín fún wákàtí méjì, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní, Arvid, yìnyín wà lójú fèrèsé lọ́fẹ̀ẹ́, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Orúkọ fíìmù la sì fi ń pe oúnjẹ. Ẹ̀wà tá a jẹ lọ́jọ́ tá a wo àwọn tó fọ́ báńkì, ẹ̀wà olè la ń pè é títí dòní. Elégédé tá a fi wo àlùfáà tó sá lọ ń jó, elégédé àlùfáà. Ìwọ náà ti jẹ ẹ̀wà olè rí, o ní kí n bù kún un. Kò sí oúnjẹ tá a sè nílé yẹn tí mi ò mọ fíìmù rẹ̀. Kò sí.

Àná, èmi ni iná dídá kàn, ó sì rẹ̀ mí. Arvid ní, "Ìyàwó mi, fi iná sílẹ̀. Jẹ́ ká yọ́ ọbẹ̀ opó yẹn tó wà nínú fírísà." Mo ní, "Opó wo?" Ó ní, "Opó etí adágún, èyí tó ń tan iná sójú fèrèsé fún ọkọ rẹ̀ tó ti rì sómi." Mo ní mi ò wo opó kankan. Ló bá ń rẹ́rìn-ín. "Ardis, má bá mi ṣeré. Ìwọ lo dáná, èmi ni mo yàn án, èmi náà ni mo fọ àwo. O sunkún débi pé apá ẹ̀wù mi lo fi nu imú."

Kí lo fẹ́ kí n rò? Ohun tí ìwọ náà ń rò báyìí ni mo rò. Bàbá wa. Ṣé kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ báyìí ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń béèrè ẹṣin tí kò sìn rí lọ́wọ́ wa, títí tó fi di pé inú ààrò la ti ń yọ bàtà rẹ̀? Mo wo Arvid níbi tó ti ń wá ìdérí ìkòkò, tó ń súfèé, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti ń gbèrò lọ́kàn mi pé màá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pamọ́ kó tó jí, pé ohunkóhun tó bá sọ, màá kàn máa dáhùn pé òótọ́ ni, òótọ́ ni, bá a ṣe ń dá bàbá wa lóhùn.

Ó yọ́ ọbẹ̀ náà. Lẹ́ńtìlì ni. Mo fi ṣíbí kan sẹ́nu.

Èèpo ọsàn wà nínú rẹ̀.

Èèpo ọsàn tí wọ́n yan lórí iná títí tó fi dúdú, tí wọ́n wá fọwọ́ rún sí i. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí? Àwọn ará ibí, bí ata bá ṣèèṣì kan ọbẹ̀ wọn, wọ́n á ti máa wá omi kiri. Ìyá wa nìkan ló ń ṣe é, àwa méjì ló sì fi kọ́. Arvid kò tilẹ̀ mọ ibi tí ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ọsàn wà. Mo gbé e mì. Mo ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Mo gbójú sókè, ọkùnrin yìí ń wò mí. Ojú tí mo fi wò ó nígbà tó ń wá ìdérí, ojú yẹn gan-an ló fi ń wò mí. Ó ní, "Òótọ́ ni, Ardis. Òótọ́ ni. Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Kí ló dé tí kò bá mi jà? Ọkùnrin tó ti ń bá mi fa ọ̀rọ̀ iyọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ta ló kọ́ ọ ní ìwà pẹ̀lẹ́ lójijì? Ìyẹn ni mo bá wá. Ìyẹn ni mi ò ní dárí rẹ̀ jì í. Kó bú mi. Kó pè mí ní òpùrọ́. Kí ló ń fi ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún bá mi sọ̀rọ̀ sí? O ò sì tíì bi mí ìdí tí mo fi fẹsẹ̀ rin inú yìnyín wá síbí, èmi tí mi ò lè fẹsẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà. Láàárọ̀ yìí, mo nawọ́ sí ibi tá a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́. Kò sí níbẹ̀.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Àwa méjì ni ìyá wa kọ́. Ìwọ náà máa ń gbé oúnjẹ wá, o máa ń gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn láì kan ilẹ̀kùn, bí ẹni tó jalè tó wá dá a padà. Ó lè jẹ́ pé o gbé e wá, Arvid tì í sínú fírísà, ó gbàgbé, ló bá lọ hun opó kan mọ́ ọn. Kí ni kò lè ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni ohun tó ṣe bàbá wa ń ṣe, kì í ṣe èmi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, láti ilé títí dé ibí, mò ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun.

Ó yá, ṣí àpò yẹn. Mo bu ìyókù wá. Ó ti tutù, kò burú, tọ́ ọ wò. Má wo ojú mi, ọbẹ̀ ni kí o wò. Mi ò fẹ́ ìtùnú, mi ò sì fẹ́ kí o sọ fún mi pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Kí ló dé tí o gbé ṣíbí sílẹ̀? Marlys, ṣé ìwọ lo sè é?