Wáyà Inú Igi Ẹnu Ọ̀nà Wa

Bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí a ń pè ní Alátẹnumọ́ wà níbẹ̀, káfíńtà ojúlé kejì wà níbẹ̀, ọkọ mi tí o ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ nínú yàrá yẹn náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná yín ìgbà yẹn dúró níbi tí o dúró sí yìí gan-an. Èmi ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mo bu omi fún wọn mu. Nínú gbogbo wọn, ó ku èmi àti ọkọ mi. Nítorí náà, má sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó bá wa ṣe àdéhùn!

Jókòó, ọmọ mi. O gun àkàbà, o gba orí ògiri aládùúgbò wọlé bí olè, ó yẹ kó ti rẹ̀ ọ́. Ṣé o rí i báyìí? Bí a ṣe ń wọlé tí a ń jáde nìyẹn, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú ilé tó ní géètì!

Bàbá ọkọ mi fẹ́ gé máńgòrò yẹn lulẹ̀ kí ẹ tó ri òpó yín. Ọ̀gá yín ló ní rárá, Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ibòòji, ọdọọdún la ó máa wá rẹ́ ẹ lọ́wọ́, a ó sì kó ẹ̀ka rẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń ṣe é! Wọ́n ń gbálẹ̀ pàápàá. Àfi ìgbà tí òfin tuntun yín dé. Ẹ ní onílé kankan kò gbọdọ̀ fi àdá kan igi tó wà nítòsí wáyà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gé e. A gbà. Ẹ ò wá. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀ka ń gorí wáyà, mo ń pè yín, ẹ ní ẹ ń bọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ wá dé, ẹ gé e bí ẹni tí inú ń bí, igi wó lu wáyà, wáyà já, àwọn méjèèjì lọ́ mọ́ra, wọ́n sùn gbalaja dí géètì wa. Àwọn agégi yín gbé ayùn, ó di ilé wọn. Ẹ pa ejò, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!

Mo ní kí ẹ wá kó o. Ẹ ní igi tó bá ti délẹ̀, ti onílé ni. Ó dáa, mo pe alágbàṣe kó wá là á. Ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án, wáyà yín wà nínú ẹ̀. Mo ní kí ẹ wá mú wáyà yín. Àwọn oníwáyà ní àwọn ò lè débẹ̀ àfi tí wọ́n bá kó igi kúrò. Ha! Ṣé èmi ni mo ya wèrè ni, àbí ẹ̀yin?

Kí lo wí? Kò sí iná nínú ẹ̀? Ó dáa, lọ dì í mú kí n rí ọ. Ehn-ehn. O ń wolẹ̀.

Ọkọ mi ò lè rìn. Kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó lé kò lè gun àkàbà. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ dé géètì, ó rí wáyà, ó padà, ó ní òun ní ọmọ nílé. N ò bá a wí. Èmi tójú mi ò ríran dáadáa mọ́ ni mò ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó sì ti ń rùn. Ọkọ mi yìí, télọ̀ tó rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò yìí, òun ló ń bi mí láràárọ̀ pé, "Ìyá ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn?" bí ẹlẹ́wọ̀n. Kí la ṣe? Ta la pa?

O ń wo aago. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ náà wo aago, ó mi orí, ó kí mi kú ìfaradà. Ọlọ́run má jẹ́ n tún gbọ́ kú ìfaradà!

Fóònù rẹ nìyẹn. Pe oníwáyà, pe akógi, kí wọ́n jọ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Pé kí ni? Pé ó di ìgbà tó o bá dé ọ́fíìsì?

Ẹ̀rín pa mí o! Adúmáadán, ọmọ ọmọ mi, fi abọ́ yẹn sílẹ̀. Lọ yọ àkàbà yẹn kúrò lára ògiri, tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ àgbà, kó o wá gbé àga onítìmùtìmù fún àlejò wa.